"Ó gùn, ó fẹ̀" kò tó: bí a ṣe ń júwe ewé kí ẹni tí kò rí i rí lè dá a mọ̀

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ìyá tó bí bàbá mi ta ewé àti egbò lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó dùn ún. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá a kọ àwọn ewé rẹ̀ sínú ìwé, a ti kọ tó ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà kà á, gbogbo rẹ̀ dà bí ọ̀kan náà: 'ewé rẹ̀ gùn díẹ̀, ó tutù', 'ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rí róbótó'. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìrísí ewé, kí n máa lo cordate, lanceolate àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè júwe ewé tí ẹni tí kò rí i rí á fi dá a mọ̀? Ọ̀kan tún kù: mo já ewé ìṣápá lára igi kan ṣoṣo, àwọn ewé náà kò jọra wọn. Èwo ni kí n kọ sílẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ gidi, ẹ sì bá mi kí Ìyá. Ọgọ́ta ewé, tí ẹni tó fi wọ́n jẹun sì wà láàyè tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí wọn, ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fi ewé ṣe iṣẹ́ ìjọba rí kó jọ lọ. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù yé mi. Lónìí, bí ìwé yín bá ní "ewé kan wà tó gùn", Ìyá á ní "òun nìyí". Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tó máa sọ "òun nìyí" mọ́, ìwé náà ní láti lè dá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rẹ́ yín lóhùn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kà fún yín yẹn, àfiwé ni gbogbo wọn. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá, àwọn tó dá wọn sílẹ̀ sì wo ohun tó wà láyìíká wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Cordate, ọkàn ni. Lanceolate, ọ̀kọ̀ ni. Sagittate, ọfà ni. Ovate, ẹyin ni. Reniform, kíndìnrín ni. Peltate, asà ọmọ ogun ni. Palmate, àtẹ́lẹwọ́ ni. Serrate, ayùn ni. Carl Linnaeus, ará Sweden tó to orúkọ ewéko jọ sínú ìwé ní 1753, rí ewé kan tó ń pa ara rẹ̀ dé bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ó sọ ọ́ ní Mimosa pudica, ìyẹn ni pé onítìjú ni. Àwa pe ewé kan náà ní patonmọ́. Ojú kan náà ni wọ́n fi wò ó, ìtìjú kan náà ni wọ́n rí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko ní tí àwa kò tíì ní ni àdéhùn. Wọ́n fẹnu kò pé bí ẹnikẹ́ni bá ti lè sọ pé ewé jọ ọ̀kọ̀, ìsàlẹ̀ ewé náà ló gbọ́dọ̀ ti fẹ̀ jù, kó sì máa tín-ín-rín lọ sókè. Bí ẹ bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ojú ìwé kìíní ìwé yín, tí ẹ sì dúró lórí rẹ̀, Yorùbá á gbé ọgọ́ta ewé náà láìsí wàhálà.

Ohun kejì ló ká mi lára jù. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, pẹlẹbẹ ewé nìkan lẹ̀ ń wò, bí ẹni pé ewé já bọ́ láti ojú ọ̀run. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún kejì tí mo wọ iṣẹ́, ẹnì kan kó ewé kan ṣoṣo sínú àpò ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí mi pé ṣé ahùn ni. Ewé náà gùn, ó ń dán, oje funfun ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn, mo sì mọ̀ pé ahùn máa ń ṣe oje bíi wàrà. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo dé ibi tó ti já a. Igi tí mo bá níbẹ̀, aṣọ́fẹ́yẹjẹ ni, èso rẹ̀ ti pọ́n wẹẹrẹ lórí ẹ̀ka, ẹyẹ sì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ. Ara mi bù máṣọ. Aṣọ́fẹ́yẹjẹ kì í ṣe ewé tí à ń fi ṣeré: egbò rẹ̀ ní reserpine, èròjà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, òun sì ni àwọn oníṣègùn wa ti ń fi tọ́jú alárùn ọpọlọ láti ayébáyé. Ọpẹ́ ni pé ẹni náà kò tíì lo ohunkóhun. Ká ní ẹ̀ka ló fi ránṣẹ́ ni, mi ò bá tí ṣì í mú. Igi méjèèjì ni ewé wọn máa ń yọ yí ẹ̀ka ká lójú kan náà, bí ọmọdé tó di ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n yí igi ká. Ti aṣọ́fẹ́yẹjẹ sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orí ewé rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ti ahùn máa ń tó márùn-ún sí mẹ́jọ, orí ewé náà sì máa ń rí roboto. Ẹ̀rí gbogbo wà lára ẹ̀ka, èmi kàn gba ewé láìbéèrè ẹ̀ka.

Torí náà, ibi tí ewé ti pàdé igi ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Oríkèé ni mo ń pe ojú ibẹ̀, torí ó jọ oríkèé ìrèké. Bí ewé kan bá yọ lójú oríkèé kan, tí èkejì yọ lókè díẹ̀ ní apá ibòmíràn, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewúro rí bẹ́ẹ̀, obì náà rí bẹ́ẹ̀. Bí méjì bá yọ lójú kan náà tí wọ́n kọjú síra, wọ́n ń yọ ní méjì-méjì. Ẹ fa ẹ̀ka ẹ̀fínrín kan, kí ẹ yí igi rẹ̀ láàárín ìka méjì: ẹ ó rí i pé igun mẹ́rin ló ní, àti pé méjì tó wà lókè dábùú méjì tó wà nísàlẹ̀. Méjì-méjì náà ni ewé tí wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá, tó gba oko kiri; bí ẹ bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, iṣan ńlá mẹ́ta ló yà láti ìdí bí àmúga oníka mẹ́ta. Bí wọ́n bá tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójú kan, wọ́n yí igi ká nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó lè yọ ìdajì àwọn ewé tó jọ èyí tí ẹ ń wá kúrò nínú ìjiyàn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá bi ara yín pé, kí gan-an ni ewé kan? Ó lè dà bí ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí ìbéèrè tó ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà tó o. Ẹ wo akòko, èyí tí wọ́n fi ń joyè. Ọ̀pá kan gùn jáde lára ẹ̀ka, pẹlẹbẹ tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, ẹyọ kan sì dá dúró lórí. Bí àwọn pẹlẹbẹ náà bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ ó ní ewé mẹ́sàn-án lẹ rí. Ewé kan lẹ rí. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé kí a wo abíyá. Ní igun tí ewé gidi ti fara ti igi, bí apá ṣe fara ti ìhà, ọ̀mùnú kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn kì í ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun tàbí òdòdó yóò ti yọ. Ẹ wo ìdí pẹlẹbẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹ kò ní rí ọ̀mùnú kankan. Ìdí ọ̀pá tó gbé gbogbo wọn ló wà. Ìka ewé ni mo ń pe àwọn pẹlẹbẹ yẹn, mo sì máa ń kọ ọ́ pé "ewé oníka, ó tò bí imọ̀ ọ̀pẹ". Èmi fẹ́ràn imọ̀ ọ̀pẹ ju ìyẹ́ ẹyẹ tí àwọn onílátìn fi ṣe àfiwé lọ, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ bí imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ń tò. Dóńgóyárò tò bẹ́ẹ̀, ìyeyè náà tò bẹ́ẹ̀. Ti igi irú àti patonmọ́ tún le sí i: ọ̀pá náà ya ọ̀pá kéékèèké, ara ọ̀pá kéékèèké yẹn ni ìka wà. Mórínga tún yà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ̀wé pé "ewé igi irú kéré bíi ti ìrẹsì" ti ṣìnà. Ewé igi irú kan lè gùn ju ọwọ́ yín lọ, ìka rẹ̀ ló kéré.

Oríṣi ewé oníka kejì ni èyí tí gbogbo ìka rẹ̀ yọ lójú kan náà ní orí ọ̀pá, bí ọwọ́ tí a yà. Àràbà rí bẹ́ẹ̀. Oṣè náà rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé fi jẹ́ Adansonia digitata, "oníka". Níbí ni àwọn èèyàn ti ń kó ẹ̀gẹ́ àti ìbẹ́pẹ mọ́ wọn, torí àwọn náà jọ ọwọ́ tí a yà. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dán an wò, ojú nìkan kò tó. Ẹ di ìka kan mú lára ewé àràbà, kí ẹ fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́: yóò já mọ́ níwọ̀n, ó ní oríkèé tirẹ̀, àwọn yòókù á sì wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹ fa ìka ewé ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò ya, yóò sì fa ti ẹnìkejì rẹ̀ ya pẹ̀lú, torí pé ewé kan náà ni, gígé ni etí rẹ̀ gé wọnú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn, ìyẹn ọ̀pá tó so pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀ka. "Ewé kan tó gé wọnú bí ọwọ́" ni kí ẹ kọ fún ẹ̀gẹ́, kí ẹ sì ka gígé náà. Ti ìbẹ́pẹ, gígé ọ̀hún tún ní gígé nínú, ọrùn rẹ̀ sì ṣófo bíi fèrè. Lárà náà gé bí ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ yí i dà sẹ́yìn kí ẹ wo ibi tí ọrùn rẹ̀ ti wọlé: kì í ṣe etí ló ti wọlé, inú pẹlẹbẹ gan-an ni, bí ọ̀pá agboòrùn ṣe wọ inú agboòrùn. Làpálàpá tí wọ́n máa ń gbìn ṣe ọgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ni ọrùn tirẹ̀ ti wọlé.

Agboòrùn yìí tún ṣe pàtàkì fún oríṣi kókò méjì tí a ń gbìn. Bí ẹ bá wò wọ́n láti òkè, ọ̀kan náà lẹ ó pè wọ́n. Èyí tí ìwé ń pè ní Colocasia, ọrùn rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn ewé, ó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ìdí ewé ti pín sí méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Xanthosoma, ojú ibi tí ó pín sí méjì gan-an ni ọrùn rẹ̀ ti wọlé, orí rẹ̀ sì dà bí orí ọfà. Sagittifolium, "ewé ọfà", ni apá kejì orúkọ rẹ̀. Ìyá tó ti ta kókò rí á ti fi ẹ̀yìn ewé mọ̀ wọ́n yàtọ̀, bóyá kò tíì sọ ọ́ lẹ́nu rí ni. Ẹ bi í.

Ìrísí pẹlẹbẹ fúnra rẹ̀, tí ẹ ti fi "gùn" àti "fẹ̀" kọ, ìbéèrè méjì péré ló ní. Àkọ́kọ́, ibo ló ti fẹ̀ jù? Ẹ ká ewé náà kí ṣóńṣó rẹ̀ kan ìdí rẹ̀. Bí ojú ìká náà bá jẹ́ ibi tó fẹ̀ jù, àárín ló ti fẹ̀. Ewúro sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ló bá fẹ̀ jù, ó jọ ẹyin tí a gbé ìdí rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ̀fínrín. Bí òkè ló bá fẹ̀ jù, ẹyin tí a dojú rẹ̀ dé ni, ẹ sì wo gbúre dáadáa kí ẹ rí i. Èkejì, ìlọ́po mélòó fífẹ̀ rẹ̀ ni gígùn rẹ̀? Ẹ fi ìlà wọ́n ewé márùn-ún, kí ẹ kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù. "Ó gùn tó ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, ní Èkó tàbí ní Bàhíà ní Brazil.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa "róbótó" tì, àti "ọkàn" pẹ̀lú. Ọkàn tí ìwé ń sọ ni èyí tí wọ́n ń yà sórí káàdì, ẹni tó bá ti pa ẹran rí mọ̀ pé ọkàn gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi máa ń kọ ni "ìdí rẹ̀ pín bí ìdí ewé iṣu". Ewé iṣu wà níbi gbogbo, gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì tó fi ṣe òṣùwọ̀n. Rinrin jẹ́ ewé iṣu kékeré tó ń dán tí ìmọ́lẹ̀ ń là á já. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyẹn, ọmọdé á wá a rí lẹ́bàá ògiri tútù. Ó tún wúlò láàárín àwọn ẹbí iṣu fúnra wọn. Ewùrà ní ewé iṣu, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ní igun tó yọ ìyẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀sùrú kò ní ewé iṣu rárá: ìka mẹ́ta ni ewé rẹ̀ ní, ẹ̀gún sì wà lára igi rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìka mẹ́ta yẹn, torí ẹ̀sùrú inú igbó lè ní májèlé, ẹni tó bá wà á nígbà ọ̀wọ́n oúnjẹ tí kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ wà nínú ewu.

Orí ewé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Orí ewé àbàfẹ́ gé sínú láàárín, ó pín sí méjì bíi pátákò ewúrẹ́, kò sì sí ẹni tó rí i lẹ́ẹ̀kan tó máa ń gbàgbé. Orí ewé obì àbàtà ní tirẹ̀ máa ń gùn jáde lójijì bí ìrù kúkúrú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, Cola acuminata, ń sọ̀rọ̀ nípa ṣóńṣó. Irú ṣóńṣó yìí pọ̀ lára igi inú igbó òjò, ó sì ṣọ̀wọ́n lára igi ọ̀dàn. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé omi òjò máa ń tètè gba ibẹ̀ ṣàn dànù, kí ojú ewé lè gbẹ, kí ewédò àti èbu má bàa bò ó. Ẹ dúró lábẹ́ igi obì lẹ́yìn òjò kí ẹ wo bí omi ṣe ń kán láti ẹnu àwọn ìrù kúkúrú náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni àwọn igi tí oòrùn ń pa, bí igi irú, ṣe sábà máa ń pín ewé wọn sí ìka wẹ́wẹ́: ìka kékeré máa ń tètè tutù nínú afẹ́fẹ́, pẹlẹbẹ ńlá ni oòrùn máa ń jó.

Nípa etí ewé, mo fẹ́ kí ẹ ra awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá. Bí etí bá lọ tààrà láìgé, ẹ kọ "etí rẹ̀ dán". Bí eyín rẹ̀ bá kọjú sókè sí ṣóńṣó ewé, ayùn ni. Bí eyín náà bá kọjú síta gbọnrangandan, eyín lásán ni. Bí kò bá ní ṣóńṣó, tó ń yí róbó-róbó, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ kí ẹ wo oríkèé ìka yín bó ṣe tò: etí ọ̀dúndún nìyẹn, crenata inú Kalanchoe crenata sì ni orúkọ tí ìwé fún etí bẹ́ẹ̀. Àbámọ̀dá náà ní irú etí yìí, ó sì nípọn, ó lómi nínú, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé ọ̀kan fún èkejì nìyẹn. Ẹ já ewé àbámọ̀dá kan, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tútù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nínú kòtò kéékèèké tó wà ní etí rẹ̀ ni ọmọ yóò ti máa yọ, tewétewé, tegbòtegbò, lára ewé tó ti kúrò lórí igi. Ọ̀dúndún kì í tú ọmọ jáde ní etí báyẹn. Síwájú sí i, ewé àbámọ̀dá tó wà lókè sábà máa ń pín sí ìka mẹ́ta tàbí márùn-ún, ti ọ̀dúndún kì í pín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo etí ewé ni ti ewédú, mo sì máa ń rò pé ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ń já a lójoojúmọ́ tí wọn kò rí i. Ẹ mú ewé ewédú kan kí ẹ tó já a sínú ìkòkò. Etí rẹ̀ jẹ́ ayùn láti òkè wálẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ìdí, nítòsí ọrùn, eyín tó kẹ́yìn ní ọ̀tún àti òsì kò dà bí àwọn yòókù: wọ́n gùn, wọ́n tín-ín-rín di irun méjì tó rọ̀ sílẹ̀, bí irùngbọ̀n ẹja àrọ̀. Àmì kékeré yìí ti ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kó ewé oríṣiríṣi tó ti rọ wá bá mi, tí àwọ̀ àti òórùn ti lọ tán.

Ojú ewé, irun, òórùn àti oje, ọwọ́ àti imú á sọ fún yín. Ẹ fi ìka ra ewé ìpín, ẹ ó mọ ìdí tí àwọn agbẹ́gilére fi ń fi í dán ère. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ní gbólóhùn kan.

Ó wá ku ìṣápá yín. Ẹ kò ṣìnà, igi náà ni kò jókòó sójú kan. Ewé ìṣápá tó bá kọ́kọ́ yọ nísàlẹ̀ sábà máa ń wà ní odindi. Bí igi bá ń ga, èyí tó ń yọ lókè á máa gé wọnú di ọ̀nà mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ẹ̀gẹ́ máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ewé tó wà nítòsí òdòdó rẹ̀ máa ń ní gígé tó kéré, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ gé rárá. Ìrókò kékeré ní etí ayùn àti irun lójú ewé, ìrókò àgbà kò ní ayùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ ìrókò àgbà nìkan lè fi àdá gé ọmọ rẹ̀ dànù láìmọ̀. Ewé inú ibòji máa ń fẹ̀ ju ewé inú oòrùn lọ, kódà lórí igi kan náà. Torí náà ẹ kọ gbogbo rẹ̀: èyí tó wà nísàlẹ̀, èyí tó wà lókè, èyí tó wà lára igi kékeré. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé mi ò ní fi ewé kan ṣoṣo júwe igi kankan. Márùn-ún ó kéré tán, láti ibi tó yàtọ̀ síra.

Ṣé kí ẹ wá pa àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín fún yín tì? Rárá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó wà ní Brazil tàbí ní Jámánì bá yín dá ewé kan mọ̀, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn á gba ọ̀nà kúkúrú débẹ̀, ẹ sì nílò orúkọ Látìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí Ìyá pè é, torí orúkọ kan lè jẹ́ ewé kan ní Ìjẹ̀bú kó sì jẹ́ òmíràn ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èdè wọn nìkan kọ ọ́, àwọn tí ọ̀rọ̀ ewé yìí kàn jù, àwọn elewé-ọmọ àti àgbẹ̀, kò ní lè kà á kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ ṣì í kọ. Yorùbá ni kí ẹ fi júwe rẹ̀, kí ẹ fi orúkọ Látìn sí ìparí. Fọ́tò dára bí ẹ bá ya ẹ̀ka lódindi, ya ẹ̀yìn ewé, ya abíyá, tí ẹ gbé rúlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Áàpù orí fóònù tó ń dá ewé mọ̀ máa ń mọ òdòdó inú ọgbà dáadáa. Lórí ewé igbó wa, mo ti rí i tó fi ìdánilójú pe orúkọ tí kò jọ ọ́. Ẹ lò ó láti rí àbá, ẹ má fi í ṣe adájọ́.

Ohun tó ju fọ́tò lọ ni ewé gbígbẹ. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, tó ní òdòdó tàbí èso, kí ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ojú àwọn ewé kan wà lókè kí ẹ̀yìn àwọn mìíràn wà lókè, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ, kó má bàa bu. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti gé e, ọjọ́, bí igi náà ṣe ga tó, àwọ̀ òdòdó (á ṣá bó bá gbẹ) àti orúkọ tí Ìyá pè é. Forest Herbarium tó wà ní Ìbàdàn ní ju 100,000 ewéko gbígbẹ lọ tí wọ́n kó jọ báyẹn, wọ́n sì lè fi tiyín wé tiwọn. Yunifásítì Ìbàdàn, ti Ifẹ̀ àti ti Èkó náà ní ilé ìkó-ewé-pamọ́.

Ibi tí agbára ìjúwe ewé mọ nìyí o: bó ti wù kó péye tó, ewé nìkan kò lè fi gbogbo igi hàn. Àwọn ẹbí kan wà tí ewé wọn jọra débi pé òdòdó àti èso nìkan ló lè là wọ́n. Nítorí náà mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni se ohun tí yóò mu torí pé ó bá ohun tó kà nínú ìwé yín mu. Ẹ kọ ìyẹn sí ojú ìwé kìíní, ní lẹ́tà ńlá.

Bí èmi yóò ṣe kọ ewédú nìyí, kí ẹ lè rí i lódindi: Ewé ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní ìka. Ó gùn tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti fẹ̀ jù, orí rẹ̀ ṣóńṣó. Etí rẹ̀ jẹ́ ayùn, eyín méjì tó kẹ́yìn nídìí gùn di irun. Ó ń yọ̀ bí a bá gún un. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó pọ́n bí ìyeyè; èso rẹ̀ gùn bí ìka, ó ní ìlà gbàgàdà lára. Ó gba ìlà mẹ́rin péré nínú ìwé. Nínú ọgọ́ta tiyín, ẹ kọ́kọ́ padà sídìí àwọn tí ẹ kọ "róbótó" sí, kí ẹ gbé ẹ̀ka wọn wá fún Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi í pé kí ló máa ń wò kó tó mọ̀ pé òun ni.